Kò Dá Wá

Oṣù mẹ́ta péré ni mo lò láyé kó tó dé.
Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ló kọ́kọ́ fún un láàyè,
ó pọ́n bí èso kakí tí òtútù mú,
ó sọ̀ kalẹ̀ sí ìgúnpá, ó dé ẹ̀yìn orúnkún,
gbogbo ibi tí ara ti ń ká ló tẹ́ ẹní sí.
Ìyá mi fi òwú rán àpò kékeré bo ọwọ́ mi,
ó fi okùn pupa so ó lọ́rùn ọwọ́.
N kò tíì mọ orúkọ mi, mo ti mọ bí a ṣe ń họra.

Ẹ́kísímà, Dókítà Arimúra wí,
jẹ́jẹ́, bí ẹni ń dárúkọ aládùúgbò.
Ó ní òun kò ní tan òbí jẹ:
irú àlejò yìí kì í dá wá,
ó máa ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ de àwọn ẹbí rẹ̀.

Ikọ́ fée dé nígbà tí mo pé ọdún mẹ́rin.
Òru ló wọlé, yìnyín ń bọ́,
àyà mi ń súfèé bíi kẹ́tùlù tí wọ́n gbàgbé sórí iná.
Lẹ́yìn náà, imú.
Bí òtútù bá ti ń palẹ̀ mọ́, tí àwọn èèyàn Nagano ń yọ̀ mọ́ oòrùn,
igi kédárì orí òkè á gbọn eruku òdòdó rẹ̀ sí wa lórí,
èmi á máa sín, Kinúe ẹ̀gbọ́n mi á máa kà á.
Lọ́jọ́ kan ó kà á dé mẹ́rìnlélógójì, ó sú u.

Èyí tó dé gbẹ̀yìn, inú ilé wa ló ti jáde.

Tokujíro bàbá mi, sóbà ló ń ṣe,
iṣẹ́ bàbá rẹ̀, iṣẹ́ bàbá bàbá rẹ̀,
ọlọ òkúta kan náà, ọkà dúdú kan náà,
ìyẹ̀fun kì í kúrò ní irun ìpéǹpéjú rẹ̀.
Alẹ́ tí ọdún ń parí, gbogbo ilé ń fa sóbà gígùn mì
kí ẹ̀mí wọn lè gùn bákan náà.
Ooru ìkòkò nìkan ló kàn mí lójú.
Ètè mi wú. Ọ̀nà ọ̀fun pa dé.
Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà:
ohun tí wọ́n fi ń tọrọ ẹ̀mí fẹ́rẹ̀ẹ́ gba tèmi.

Láti ọjọ́ náà ni bàbá mi kò ti gbé mi mọ́ra
tó bá ti ibi iṣẹ́ dé.
Á gba ẹ̀yìnkùlé, á wọ ahéré igi ìdáná,
á pẹ́ níbẹ̀, irun rẹ̀ á tutù nígbà tó bá jáde,
á jókòó sí ìkángun tábìlì, ọwọ́ nínú àpò.
Mo ní ó ti kórìíra mi.
Ọmọ tí kò sùn lóru, kí ni ìbá tún rò?
Ará ilé-ìwé kò dì mí lọ́wọ́ mú nídìí eré,
ara kò jẹ́ kí n sùn,
nínú ara àti ará, èwo ni kí n pè ní tèmi?
Bí ìrẹ̀wẹ̀sì ṣe dé nìyẹn. Kò kanlẹ̀kùn.
Wọn ò sì ta ìpara rẹ̀ níbì kankan.

Ní ìparí oṣù Kejì, mo wálé, mo lọ ṣa igi ní ahéré náà.
Abọ́ tánganran, ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì èékánná,
aṣọ ilé mẹ́ta lórí ìkọ́,
àti bàbá mi, ìhòòhò dé ìbàdí,
nínú òtútù tó ń sọ omi di òkúta,
ó ń fọ sóbà kúrò lára.
Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Lálaalẹ́.
Bí mo wà nílé, bí n kò sí nílé.

Ó fẹ́ fi ọwọ́ pamọ́. Mo ti rí i:
ó sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ó pọ́n láàárín ìka,
omi àti ọṣẹ ti jẹ ẹ́ dé ẹran.
"Ṣé ó ń yún yín?"
"Díẹ̀."
Irọ́ ni. Èmi náà máa ń pa irú rẹ̀.

Mo yọ ìpara tèmi nínú àpò kóòtù,
mo ń fi pa á, ìka kan lẹ́yìn ìka kan.
Nígbà tí mo dé àtàńpàkò, ó sín.
Mo kà á: ọ̀kan.